Ìjàpá 1973: kí ni kí n yẹ̀ wò ní ẹsẹ̀ iwájú àti sítíárìn kí n tó gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀?

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ Ìjàpá, Volkswagen 1300 ti ọdún 1973, ló wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó papòdà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lórí ìdúró ní Mọ́níyà. Ẹ́ńjìnnì ti ń dáhùn, a sì ti tún bírékì ṣe látòkè délẹ̀. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Ṣàgámù, òun ni mo fẹ́ gbé e lọ, ìyẹn ni pé màá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọwọ́ sítíárìn kò jókòó. Tí mo bá ti sún mọ́ 70, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, á dáwọ́ dúró. Tí mo bá gun gálọ́ọ̀pù, mo ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lápá òsì. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra dámpà sítíárìn tuntun kí n sì ṣe aláínmẹ́ǹtì. Òmíràn ní kí àwọn fún bọ́ọ̀sì sítíárìn (àpótí eyín tí ọ̀pá sítíárìn wọ̀) pọ̀ díẹ̀, pé ó parí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bàbá Gate (mẹkáníìkì, Ìbàdàn)

Àbúrò mi, má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Dámpà kì í fa kí ọkọ̀ gbọ̀n, ńṣe ló máa ń pa ìgbọ̀n náà mọ́lẹ̀. Tí o bá fi dámpà tuntun sí orí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì (oríkèé tó so wíìlì mọ́ apá ẹsẹ̀ ọkọ̀) tó ti jẹ, ọwọ́ rẹ á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, jíjẹ tó ń jẹ á sì máa lọ lábẹ́ níbi tí o kò ti lè gbọ́ ọ mọ́. Fífún bọ́ọ̀sì pọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó ń mì gan-an la máa kọ́kọ́ wá.

Kó tó di pé a lọ jìnnà, irú Ìjàpá wo ni? Ṣí bónẹ́ẹ̀tì iwájú. Ṣé táyà ìpààrọ̀ dúró ní òró níwájú ni àbí ó sùn pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀? Ṣé gíláàsì iwájú tẹ̀ kọrọdọ ni àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú?

ỌmọOníjàpá

Ẹ ṣé, sà. Táyà dúró ní òró. Gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú.

Bàbá Gate

Ó dáa. Èyí tí táyà rẹ̀ sùn ni 1302 àti 1303, ẹsẹ̀ tiwọn yàtọ̀ pátápátá, ṣọ́ọ̀kì tó dúró gbọọrọ pẹ̀lú sípíríìnì ló gbé wọn. Tìrẹ ni ẹsẹ̀ àtijọ́: páìpù méjì tó dábùú iwájú ọkọ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kó jọ sínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríìnì. Apá méjì ló jáde ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ 1965 ni Volkswagen ti yọ kíńgì píìnì (irin tí wíìlì ń yà lé lórí tẹ́lẹ̀) kúrò tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì mẹ́rin ló wà lára tìrẹ, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì. Táì rọ́ọ̀dù, àwọn ọ̀pá tó ń mú kí wíìlì yà, ní orí mẹ́rin tiwọn náà.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Wá ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú. Ti òkúta mọ́ àwọn táyà ẹ̀yìn. Fi jáàkì gbé iwájú, kí o sì fi sítáńdì ti abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀. Má fi ihò jáàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀ gbé e, ibẹ̀ ni ìpẹtà kọ́kọ́ máa ń jẹ nínú Ìjàpá, mo sì ti rí i tó wọlé pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Wàyí o, di táyà mú, ọwọ́ kan lókè pátápátá, ọwọ́ kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ti òkè, fa ìsàlẹ̀, kí o tún yí i padà. Tí ó bá ń mì, ohun méjì ló lè jẹ́: bíárìn wíìlì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ owó nù nìyí, torí wọ́n á ra méjèèjì. Ní kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ kí ó tẹ bírékì mọ́lẹ̀ gidigidi, kí o tún mì í. Bírékì ti so wíìlì pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Tí ìmì náà bá dákẹ́, bíárìn ni. Tí ó bá ṣì ń mì, wo ìdí àwọn apá méjèèjì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wàá rí èyí tó ń fò.

Lẹ́yìn náà, di táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀tún àti òsì, kí o sì mì í. Ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀ nípa táì rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀sì sítíárìn.

Ẹ̀gbọ́n Dérébà (Ọ̀jọ́, Èkó)

Bàbá Gate ti sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ táyà kún un, torí ó tiẹ̀ lè jẹ́ òun ni ìdajì ìṣòro náà. Mo ti ń wa Ìjàpá láti ìgbà tí Volkswagen ti ń tò ó ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá fọ́kánáísà èyíkéyìí, á fi atẹ́gùn 35 (PSI) sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbéèrè. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú fúyẹ́. Atẹ́gùn tí ìwé ọkọ̀ náà ní kí a fi sí táyà rédíà ni 18 níwájú, 27 lẹ́yìn. Tí ẹ bá fi 35 síwájú, ọkọ̀ náà á máa fò lórí ọ̀nà, á máa ṣe bí ẹni pé sítíárìn kò dìrọ̀ mọ́ nǹkan kan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ nìkan á sì lè tì í kúrò ní ìlà rẹ̀.

Kí o wo ọjọ́ orí táyà náà pẹ̀lú. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, nọ́ḿbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti wà lórí ìdúró ní Mọ́níyà fún ìgbà pípẹ́ lè ní ojú tó dán kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti la. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò kí o wo bóyá ìlà kékeré ń ṣí. Tí wọ́n bá ń ṣí, má gbé e lọ sí Ṣàgámù.

ìmọ́lẹ̀_ọkọ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ mi ò rí ibi tí fífún bọ́ọ̀sì sítíárìn pọ̀ ti burú. Wọ́n fi ìdè sí i kí a lè máa fún un ni. Ọkọ̀ bàbá mi ni wọ́n fún, ó sì dára.

Bàbá Gate

Ọmọ mi, ìbéèrè tó dára ni. Òótọ́ ni, ìdè wà níbẹ̀, ihò tí a sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ táyà ìpààrọ̀ tí wọ́n fi àwo kékeré bò. Ṣùgbọ́n ronú nípa bí ó ṣe ń jẹ. Ọ̀nà tààrà lo máa ń rìn jù, nítorí náà àárín ni eyín inú bọ́ọ̀sì ti máa ń jẹ jù, ìkángun méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Tí o bá fún un títí tí ìmì àárín fi tán, àwọn ìkángun á ti fún ju bó ṣe yẹ lọ. Wàá yà lójú kọ́nà, sítíárìn kò ní fẹ́ padà fúnra rẹ̀. Ní márosẹ̀, ìyẹn lè sọ ọ́ sínú gọ́tà.

Ìmì tí ìwé Ìjàpá gbà láàyè létí ọwọ́ sítíárìn, nígbà tí àwọn wíìlì bá kọjú síwájú tààrà, kò ju 25 mílímítà lọ. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yẹ gbogbo orí táì rọ́ọ̀dù wò ná, yẹ ọwọ́ kékeré tó jáde lára bọ́ọ̀sì wò, yẹ ìdè tó so bọ́ọ̀sì mọ́ páìpù òkè wò bóyá bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló ń yí. Ìgbà tí gbogbo wọn bá mọ́ nìkan ni kí o tó fọwọ́ kan ìdè inú, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wá pápá tó gbòòrò, yà, kí o dẹ ọwọ́ díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà sí àárín fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham (London)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọkọ mi ní Morris Minor níbí, ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Láti oṣù Karùn-ún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ju ogójì ọdún lọ kúrò nínú àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, tí wọn kò bá ti yí i padà ju bó ṣe yẹ lọ. Inú àwọn kan dùn. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí òfin ṣì ní onímọ́tò gbọ́dọ̀ rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ dára, ó kàn jẹ́ pé kò sí ojú kejì tó ń bá a wò ó mọ́. Nítorí náà a ṣì ń gbé tiwa lọ.

Ohun tí mo rí tí ọ̀gá ibẹ̀ ń ṣe, tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà: ó máa ń fi táyà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ lórí wọn. Ẹnì kan jókòó sínú, ó ń yí ọwọ́ sítíárìn sọ́tùn-ún sósì ní kúkúrú, léraléra, kí táyà má tíì yí. Ẹnì kejì wà lábẹ́ pẹ̀lú iná, ó ń fi ìka ọwọ́ tẹ orí táì rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Orí tó ti jẹ, ìka máa ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Tí ọkọ̀ bá wà lókè, kò sí ohun tó ń ta ko sítíárìn, àwọn ìmì kan á sá pamọ́.

Ní ti Morris tiwa, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí irin kan tó ní ìlà bíi ti súkúrù, tí kò fẹ́ kí gírísì tán lára rẹ̀ rárá. Tí àwọn ìlà náà bá jẹ tán, wíìlì á ká sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ní ibi tí a ti ń fún un ní gírísì, kí ó jọ̀wọ́ kó mọ iye wọn àti ibi tí wọ́n wà.

Bàbá Gate

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gidi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ti Ìjàpá oní-bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì, ihò gírísì mẹ́rin ló wà lára páìpù méjèèjì. Iwájú gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí a bá ń fún un, kí gírísì lè rí àyè wọlé. Máa fún un títí tí gírísì tuntun á fi yọ létí rọ́bà. Tí ó bá jẹ́ pé ìpẹtà pupa ló kọ́kọ́ yọ, omi ti wọlé, bíárìn tó gbé àwọn apá náà lè ti bàjẹ́. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì fúnra rẹ̀ kò ní ihò gírísì, rọ́bà tó bò ó ló ń dáàbò bò ó. Rọ́bà náà bá ti ya, ka jọ́íǹtì náà sí èyí tó ti lọ, kódà bí kò bá tíì mì.

ỌmọOníjàpá

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣe é. Àbúrò mi ló bá mi tẹ bírékì.

Ọ̀tún: táyà ń mì díẹ̀, a tẹ bírékì, ó dákẹ́. Bíárìn nìyẹn, àbí?

Òsì: ó ń mì, a tẹ bírékì, kò dákẹ́. Mo fi ọ̀pá irin gígùn gbé ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo sì rí i kedere tí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ìsàlẹ̀ fò sókè tó sì padà, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Rọ́bà rẹ̀ ti ya, iyẹ̀pẹ̀ pupa ló kún inú rẹ̀.

Táì rọ́ọ̀dù: a ṣe é bí Ìyá Ìbejì ti wí. Gbogbo wọn le, àyàfi orí kan lọ́wọ́ ọ̀tún tó ń ta díẹ̀ lábẹ́ ìka. Pínnì tó yẹ kó di nọ́ọ̀tì rẹ̀ mú kò sí níbẹ̀ rárá, wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni wọ́n fi sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkọ̀ yìí, fèrè rẹ̀ máa ń dún nígbà míràn, nígbà míràn kò ní dún. Nígbà tí mo wà lábẹ́, mo rí rọ́bà olóbìírí kan níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti pàdé bọ́ọ̀sì. Ó ti la yíká ihò ìdè méjì. Ṣé ìyẹn kàn án?

Bàbá Gate

Ó kàn án gan-an ni! Rọ́bà náà ló so ọwọ́ rẹ pọ̀ mọ́ wíìlì. Òun náà ni wáyà fèrè gbà kọjá, wáyà kékeré kan máa ń fò ó láti òkè rọ́bà dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà nínú Ìjàpá, tí fèrè bá ń ṣe ségesège, tẹ̀ba kí o wo rọ́bà yẹn kí o tó pe rìwáyà. Pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó tún kúrò ní àgbàlá, bí o tilẹ̀ ń lọ sí ọjà Mọ́níyà lásán.

Ti bíárìn ọ̀tún: má tíì rà á. Tú u, fọ̀ ọ́, wo ojú àwọn rọ́là. Tí wọ́n bá dán láìní àpá tàbí àwọ̀ búlúù, fi gírísì tuntun sí i kí o dè é. Fún nọ́ọ̀tì náà bí o ti ń yí wíìlì lọ́wọ́, kí gbogbo rẹ̀ lè jókòó, lẹ́yìn náà kí o dẹ̀ ẹ́ padà títí tí o fi lè fi ẹnu súkúrúdiráfà sún wáṣà tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, láìṣe pé o fi agbára lọ́ ọ. Ibẹ̀ ni kí o dúró. Àlàfo tí ìwé fẹ́ kò ju 0.03 sí 0.12 mílímítà lọ. Tí o bá fún un mọ́lẹ̀ bí nọ́ọ̀tì lásán, á gbóná, á sì jó lójú ọ̀nà.

Tí o bá dé ọwọ́ òsì, ṣọ́ra. Wáyà tó ń yí aago eré gba àárín irin wíìlì òsì kọjá wá sí ìdérí rẹ̀. Irin òsì yẹn sì ń yí sí òdìkejì: ọwọ́ ọ̀tún lo máa yí i sí kí ó tó tú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi páìpù gígùn fún un pọ̀ títí ó fi já, tí wọ́n rò pé àwọn ń tú u.

Ti wáyà tó wà nípò pínnì: yọ ọ́ dànù. Pínnì kò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Dérébà

Ti bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì, má gbà fún ẹnikẹ́ni kí ó fi òòlù gbá a wọlé. Apá yẹn gbọ́dọ̀ jáde kúrò lára páìpù, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ pírẹ́ẹ̀sì wà. Òòlù máa ń fẹ ihò rẹ̀ lójú, tuntun tí wọ́n bá fi sí i á sì máa yọ̀. Ra ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn.

Ní ọjà Ládípọ̀, mú èyí àtijọ́ dání lọ. Fi ọwọ́ yí tuntun náà kí o tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ le, kí ó sì máa yí ní déédéé láìfò. Èyí tó bá ń yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú páálí, ayédèrú ni, bó ti wù kí orúkọ ara páálí dára tó.

ìmọ́lẹ̀_ọkọ̀

Bàbá Gate, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ìkángun yẹn ti yé mi. Màá lọ gbé ti bàbá mi jáde ní pápá kí n wo bóyá ó ń padà sí àárín.

Ìbéèrè kan: ṣé ìpẹtà lè kan sítíárìn?

Bàbá Gate

Ó lè kàn án ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ. Ìdè mẹ́rin ló so gbogbo ẹsẹ̀ iwájú mọ́ imú férémù. Àwo irin tó bo abẹ́ imú náà máa ń gba omi, ẹrẹ̀ sì máa ń wà lórí rẹ̀. Mú súkúrúdiráfà, ha ẹrẹ̀ àti ọ̀dà dúdú kúrò, kí o sì gún un. Tí ó bá ró gan-an-gan, ó dára. Tí ó bá wọlé, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì tuntun kò wúlò, torí ibi tí wọ́n dúró lé ló ń kú lọ. Wẹ́dà tó mọ Ìjàpá ni kí o wá, kí ó gé e kúrò kí ó fi irin tuntun sí i. Kó má kan lẹ pátáásì mọ́ ọn.

ỌmọOníjàpá

Mo ti gún un, sà. Ó ró gan-an-gan níbi gbogbo. Ọpẹ́ ni.

Mo ti ra bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí táì rọ́ọ̀dù kan, rọ́bà ọ̀pá sítíárìn, àti táyà iwájú méjì. Ọmọkùnrin kan tó ní pírẹ́ẹ̀sì ní Gate ló máa tẹ̀ wọ́n wọlé. Ọkọ̀ mìíràn ni màá gbé lọ sí Ṣàgámù, torí mi ò fẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó máa lé mi níbi iṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá parí, ṣé kí n lọ tààrà fún aláínmẹ́ǹtì?

Bàbá Gate

O ṣeun tí o kò kánjú.

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ fi atẹ́gùn sí táyà bí Dérébà ti wí kí o tó lọ, 18 àti 27. Sọ fún ẹni tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì pé bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì òkè ní òrùka kan tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a fi ń tún bí wíìlì ṣe dàgẹ̀rẹ̀ ṣe. Iwájú ọkọ̀ ni àmì kékeré ara òrùka náà gbọ́dọ̀ kọjú sí nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ní Ìjàpá kò ní ibi tí a ti ń tún ìyẹn ṣe, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ kí o lọ síbòmíràn.

Wàá wà á fún bí àádọ́ta kìlómítà láàárín ìlú, wàá tún gbé e sókè, wàá sì yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ọwọ́ sítíárìn bá ṣì ń gbọ̀n ní 70 lẹ́yìn ìyẹn, gbé àwọn wíìlì lọ fún bàláǹsì. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tí kò dákẹ́, wá bá mi, a ó jọ wo dámpà náà nígbà yẹn.